Ọfà Láìsí Àmì

Ní Brandon, ní Mànítóbà, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
nígbà tí yìnyín bá ti di òkúta lójú ọ̀nà,
a máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan
tó ń rùn bí bàtà àwọn ọmọ ọlọ́mọ.
Ènìyàn mọ́kànlá, ọrun mọ́kànlá,
mítà méjìdínlógún sí ojú bébà:
funfun létí, dúdú, àwọ̀ aró, pupa,
lẹ́yìn náà ìyeyè,
tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ lójú ẹni tó dúró lókèèrè.

Ìyeyè yẹn ló sọ mí di ojo.

Ẹ má fojú ọ̀lẹ wò mí. Mo lè fa ọrun.
Ọwọ́ tó ń gé itan ẹlẹ́dẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́
kò rọ. Ṣùgbọ́n kí ojú mi tó kan àárín,
ìka mi ti ṣí. Ọfà ti lọ,
bí ọmọ tí a fẹ́ rán níṣẹ́, tó ti sá dé títì
kí a tó sọ ohun tí yóò rà.
Èmi kọ́ ni mo rán an.
Dúdú. Funfun. Ara ògiri lẹ́ẹ̀kan,
tí gbogbo ilé dákẹ́.

Dáálíìn Hrycay, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
wò mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀.
Ó wá yọ bébà náà. Ó ká a. Ó fi há abíyá.
“Sún mọ́ ọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré.
Di ojú rẹ. Kò sí àmì mọ́. Ó yá, ta á.”

Ẹ̀rín pa mí. Nílé wa,
ẹni tó ta ọfà sókè a máa yí odó borí;
èwo ni ti ẹni tó ta á, tí kò wo ibì kankan?

Mo di ojú ṣá.
Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ara mi:
èjìká ọ̀tún tó ga bí ẹni ń retí pàṣán,
eyín tí mo fún pọ̀,
àtàǹpàkò tó ń fún ọrun lọ́rùn.
Àṣé bí ahọ́n bá yọ̀ díẹ̀, ọrun a di ọrùn,
ọrùn a di ọ̀run; ibẹ̀ gan-an ni mò ń rán an lọ.

“Tú ọwọ́. Ọrun kì í sá.
Ẹ̀yìn ni kí o fi fà á.
Jẹ́ kí egungun èjìká méjèèjì máa wá ara wọn
bí tọkọtaya tó jà lánàá.
Kí ìgbà tí ọfà máa lọ bá ìwọ fúnra rẹ lójijì.”

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. Ọgọ́ta ọfà lálẹ́ kan.
Àwọn yòókù ń ka máàkì, wọ́n ń pariwo.
Èmi ń ka èémí.

Níbi iṣẹ́, bẹ́líìtì ò dúró de ẹnì kankan.
Ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ mi fi kọ́ ọ
pé ohun tó bá dé iwájú mi, kí n yára gé e
kó tó kọjá.
Ta ni yóò wá sọ fún ọwọ́ kan náà
lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì
pé ìyeyè ò ní kọjá?

Mo sọ ọ́ fún un. Mò ń sọ ọ́ títí di òní.

Wọ́n dá bébà padà ní òpin oṣù Èrèlé.
Ọfà kìíní, dúdú. Ọwọ́ náà ti tún sáré.
Ìkejì, mo fà á, àyà mi ń já,
mo bá rọra dá ọṣán padà, ọfà ṣì wà lórí rẹ̀.
Mi ò ta á.
Dáálíìn mi orí lẹ́ẹ̀kan,
ó ń jẹ hóró sunfíláwà rẹ̀ lọ.

Ìkẹta.
Mi ò mọ ìgbà tó lọ. Mo gbọ́ “pọ́” lókèèrè,
ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn ọrùn.

Wọ́n fọn fèrè, a rìn lọ wò ó.
Pupa ni. Mẹ́jọ. Kì í ṣe ìyeyè.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an.

Níta, òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo.
Mọ́tò mi kọ̀, ó ń wúkọ́.
Mo tú ọwọ́ lára kọ́kọ́rọ́,
mo dúró dè é.